Ọrùn Kì Í Ṣe Ti Àwa Tí Ń To Eegun

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ìwé ìròyìn yín kì í wọ́n nílé mi. Bí àwọn ọmọ kò bá rà á bọ̀, èmi fúnra mi a rà á lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní Owódé. Ohun tí mo ń bá yín sọ yìí kò kan ìròyìn tí ẹ kọ, ìpolówó tí ẹ gbà ló kàn.

Nínú ẹ̀dà yín kan láìpẹ́ yìí, lábẹ́ ìkéde òkú, ẹnì kan polówó pé òun ń to eegun ọrùn tó ṣẹ́, pé òun ń dá ọ̀pá ẹ̀yìn tó yẹ̀ padà sípò, pé kò sí ọ̀bẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó mú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ìrùkẹ̀rẹ̀ kò bí mi nínú, àwa náà ní tiwa. Ọrùn tó fẹnu kàn ló bí mi nínú.

Kí ẹ má baà rò pé dókítà kan ló fi orúkọ pamọ́ tó fẹ́ bú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Eegun títò ni iṣẹ́ ilé wa ní Ọ̀yọ́ níbí. Baba mi ló kọ́ mi, baba tirẹ̀ ló sì kọ́ òun. Mo ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìdè àti òrí kò kúrò nílé mi rí. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ń gbé apá wá, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ wá, àwọn ọlọ́kadà sì ni oníbàárà wa tó pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ náà ń bọ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ nípa adìẹ. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ dé, a ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan. A ó to ti ènìyàn, a ó to ti adìẹ, oògùn kan náà, ìdè kan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, tó ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri àgbàlá, a mọ̀ pé a lè máa múra àtitú ti ènìyàn. Ẹ bá mi bi ẹni tó polówó yìí: ṣé ọrùn adìẹ ni òun ń ṣẹ́? Èmi mọ ibi tí adìẹ tí wọ́n bá ṣẹ́ lọ́rùn ń lọ. Inú ìkòkò ni.

Bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ẹ gba ọrùn rẹ̀, kí ẹ ka eegun ibẹ̀. Méje ni. Ti ènìyàn náà, méje. Àgùnfọn tó ń fi ẹnu ká ewé lórí igi, méje kan náà ni tirẹ̀, kìkì pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn. Ihò wà láàárín eegun kọ̀ọ̀kan, ohun funfun rírọ̀ kan sì ti inú ọpọlọ gba àwọn ihò náà sọ̀kalẹ̀. Àwọn alápatà mọ̀ ọ́n dáadáa. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Gbogbo àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún ọwọ́, fún ẹsẹ̀, fún àpòòtọ̀ àti ìfun, inú rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Mùdùnmúdùn inú eegun ojúgun kì í ṣe irú èyí, kò ru àṣẹ kankan. Bí mo bá to ẹsẹ̀ tí kò tò dáadáa, onítọ̀hún a tiro, a sì máa bú mi títí ayé. Ṣùgbọ́n bí eegun ọrùn bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ yẹ̀ sí i lábẹ́ ọwọ́ mi, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lè má rìn mọ́. Bí ó bá jẹ́ apá òkè ni, ní sàkáání eegun kẹta sí ìkarùn-ún, ibẹ̀ ni iṣan tó ń mú wa mí ti ń jáde. Èémí lè dá síbẹ̀. Eegun ń jinná, mo ti rí i láìmọye ìgbà. Mùdùnmúdùn yìí tó bá já, kì í so padà bí eegun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọrùn tó bá ṣẹ́, òkú dé nìyẹn. Irọ́ ni. Àwọn kan wà tí eegun ọrùn wọn ṣẹ́ tí wọ́n ṣì ń rìn, tí wọ́n ní ọrùn kàn ń ro àwọn, nítorí pé mùdùnmúdùn kò tíì farapa. Irú àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n máa ń gbé wá sọ́dọ̀ wa kí a bá wọn fi òrí fà á. Ẹnì kan á yí orí wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ. (Ẹ̀yin onígbàjámọ̀ tí ẹ máa ń yí ọrùn oníbàárà kó dún kó! lẹ́yìn tí ẹ bá gẹrun tán, mo ń fi etí gbọ́ yín o.) Àmì tó yẹ kó dẹ́rù ba ènìyàn ni kí ọwọ́ máa kú, kí ara máa ta, kí ẹsẹ̀ má gbọ́ràn, kí ìtọ̀ máa dà láìmọ̀. Nǹkan ọkùnrin náà lè dúró gírí láìnídìí. Wọ́n ti gbé irú ẹ̀ kan wá sílé wa nígbà ayé baba mi, àwọn tó gbé e wá ń sọ pé mágùn ni, wọ́n sì ti fi ìdajì ọjọ́ wá ẹni tí yóò já a. Orí ọ̀pẹ ni ọkùnrin náà ti jábọ́. Mágùn wo?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé mi. Ọmọ àbúrò mi obìnrin jábọ́ látorí igi máńgòrò nítòsí Odò-Ọbà, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ní àsìkò tí máńgòrò pọ́n jù. Orí ló fi balẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti gbé ọ̀kadà dé, wọ́n fẹ́ kó o sáàárín, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn dì í mú. Ọlọ́run ló ní kí ọ̀kan nínú wọn pè mí kí wọ́n tó gbé e. Mo pariwo sínú fóònù pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí wọ́n má fún un lómi mu, kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú ní títọ́, kó má sì fi sílẹ̀ títí n ó fi dé. Mo yọ ilẹ̀kùn kan nínú ilé, mo bu yẹ̀pẹ̀ sínú àpò kékeré méjì, mo bẹ aládùúgbò mi kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù. A débẹ̀, a tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tó di orí mú ló ń pàṣẹ. Ó kà, a yí orí, èjìká àti ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ṣáájú èkejì, a ti ilẹ̀kùn sábẹ́ rẹ̀, a fi àpò yẹ̀pẹ̀ há orí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a fi aṣọ ìborùn de iwájú orí mọ́ pákó. Ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní òun kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní kó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

Ó yẹ kí n fi kún un pé bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, tí ènìyàn sì lè rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pè, 122 ni nọ́ńbà wọn, owó kì í lọ níbẹ̀. Bí akẹtẹ̀ ọlọ́kadà bá wà lórí ẹni tó ṣubú, ẹ má fà á yọ tipátipá. Bí kò bá mí, èémí ṣáájú ọrùn.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí a kọ́kọ́ yà sí ní kí a san owó àsansílẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún wọn pé Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ẹ má bínú, òfin kì í ra bándéèjì." N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. A gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀ ọ́ ní kọ́là líle sọ́rùn, tí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Dókítà iṣẹ́ abẹ gbọ́ pé iṣẹ́ eegun ni mo ń ṣe, mo ti ń retí èébú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó pè mí wá síbi àwòrán, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Eegun karùn-ún ti yọ síwájú, ó gun orí ìkẹfà, ihò tí mùdùnmúdùn ń gbà sì ti fún níbẹ̀. Olóòtú, ọwọ́ mi ríran nínú eegun apá, bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mo mọ ibi tó ti là. Ṣùgbọ́n ihò yẹn wà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè rí.

Kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ rárá, wọ́n kọ́kọ́ fà á. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora sí awọ orí rẹ̀ lókè etí méjèèjì, wọ́n fi irin kan tó tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ mú agbárí rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ irin náà, okùn gba ẹ̀yìn ibùsùn sọ̀kalẹ̀, wọ́n wá ń kọ́ ìwọ̀n mọ́ ọn ní díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀kan kún un, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á sì ní kó gbé ìka ọwọ́, kó gbìyànjú ọmọ ìka ẹsẹ̀. Fífà ni. Àwa náà ń fà. Ṣùgbọ́n bí àwa bá ń fà, ọkùnrin mẹ́ta ni yóò di aláìsàn mú, igbe á gba àdúgbò kan. Àwọn rọra fà á fún wákàtí mélòó kan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bàjẹ́. Bí ó bá sọ pé ọwọ́ òun ń kú sí i, wọn yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó ní ìta, mo ń ronú bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn tí mo ń tọ́jú pé kí wọ́n panu mọ́.

Mo ti rò pé ẹ̀yìn ọrùn ni wọn yóò là. Iwájú ni. Dókítà fi ìka fà á lára ọrùn tirẹ̀ hàn mí. Wọ́n la ibi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní iwájú, ní apá kan gògóńgò. Wọ́n rọra ti ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn kò gé ọ̀kankan nínú wọn, wọ́n sì bá eegun níwájú gan-an. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà ti fọ́, òun àti èérún eegun ló ń tẹ mùdùnmúdùn. Wọ́n kó o kúrò. Wọ́n wá gé eegun díẹ̀ láti ìbàdí ọmọ náà fúnra rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ kó bá àlàfo yẹn mu, wọ́n fi há a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi titanium ṣe dé e lójú, síkúrù méjì wọ eegun òkè, méjì wọ ti ìsàlẹ̀. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, eegun ìbàdí yẹn yóò so mọ́ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, méjèèjì á di ẹyọ kan. Mo bi í pé ṣé irin yẹn ló ń wo eegun sàn. Ó ní rárá, irin kàn ń dì í mú ni, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí baba mi máa ń sọ nípa ìdè gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń là láti iwájú o. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, àwọn kan sì wà tí kò nílò ọ̀bẹ rárá. Kọ́là nìkan lè tó, tàbí kí wọ́n fi òrùka irin yí orí ká, kí wọ́n fi síkúrù dè é mọ́ agbárí, kí wọ́n sì fi ọ̀pá kan án mọ́ ẹ̀wù líle tí aláìsàn wọ̀ sáyà, kí orí má lè mì fún oṣù bíi mẹ́ta. Ẹni tó ti wo inú ihò nínú àwòrán ló lè sọ èyí tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè fi ìrùkẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọmọ náà jáde bí ó ṣe wọlé. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ha, oúnjẹ kò sì fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ, ìyẹn sì lọ. Wọ́n fi rọ́bà sí i fún ìtọ̀. Ìyá rẹ̀ àti àwọn nọ́ọ̀sì ń yí i padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà jẹ ẹ́, nítorí irú egbò yẹn ló ń pa àwọn tí ọrùn kò pa. Àwọn tó ń fi eré ìmárale wo aláìsàn gba á lọ́wọ́ wọn. Lónìí, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè de bọ́tìnì, ó sì máa ń bínú bí ènìyàn bá fẹ́ bá a dè é. Dókítà ti sọ fún wa ṣáájú pé iṣẹ́ abẹ wà láti tú mùdùnmúdùn sílẹ̀ àti láti mú kí ọrùn dúró, pé ohun tó ti kú nínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Àǹfààní tó ní ni pé mùdùnmúdùn náà kò já tán, àti pé wọn kò gbé e lórí ọ̀kadà.

Owó ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Irin àti síkúrù yẹn, àwa la fi owó wa rà á kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ń kó o wọ̀lú ni wọ́n ní ká lọ. Àwọn dókítà a máa fẹ́ tú ohun tó ń tẹ mùdùnmúdùn sílẹ̀ láàárín wákàtí 24, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí? Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìyá rẹ̀ yá a díẹ̀, èmi ta nǹkan, ọjọ́ ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ bá ìjọba jà fún wa, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: kí irin ọrùn wà nílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba bí omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára ṣe wà nílẹ̀, kí wọ́n lò ó fún aláìsàn ná, kí owó tẹ̀lé e.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò sọ, pé mo ti ta ilé, pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo ń sọ. Òyìnbó wo? Látúndé Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ọmọ Awẹ́ ni, wọ́n bí i ní ọdún 1927. Bí ènìyàn bá gun ọ̀kadà láti ilé mi, kò ní pẹ́ kó tó dé Awẹ́. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó lè dúró síbẹ̀ kó máa jayé, ó padà wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1962, ó sì fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì kó tó kú ní ọdún 1974. Ọmọ ilẹ̀ wa ló gbé e wálé. Bí ó bá jẹ́ ti ogún ni a ń sọ, ogún Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ abẹ ọrùn.

Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tún fi nǹkan kan hàn mí. Ìwé ìṣègùn kan wà tí àwọn ará Íjíbítì kọ ní nǹkan bí ọdún 3,600 sẹ́yìn. Ẹni tó kọ ọ́ ṣàpèjúwe ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ yẹ̀, tí kò mọ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìmọ̀. Ó ní àìsàn tí a kì í dá ìtọ́jú rẹ̀ lé ni. Mo bọ̀wọ̀ fún oníṣègùn yẹn gidigidi. Kò rí ọ̀nà, ó sì sọ pé òun kò rí ọ̀nà. Kò gba owó ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, Olóòtú. Ẹ má gba ìpolówó ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwa tí ń to eegun mọ́, iye yòówù kó san. Apá, ẹsẹ̀, orúnkún, ẹ máa gbà á, àwa náà ń jẹun. Èmi yóò gbé e síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní oṣù tó ń bọ̀, pé ẹnikẹ́ni nínú wa tí wọ́n bá gbé ọrùn wá bá, kó má tú u wò, kó dè é mọ́ pákó, kó sì bá wọn wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹbí má baà ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà. Bí dókítà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín bá fẹ́ wá bá wa jókòó lọ́jọ́ náà, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kó mú àwòrán ọrùn mélòó kan dání. Kó má bú wa, nítorí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yóò dìde, n kò sì ní lè dá wọn jókòó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó ń to eegun,
Ọ̀yọ́.